Kọ̀ǹpútà Tí Ń Pirọrọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Òwe yìí ni mo fẹ́ gùn bí ẹṣin nínú àròkọ mi lọ́dún yìí. Kì í ṣe nítorí àwọn tí ń pirọrọ nínú kíláàsì aago méjì ọ̀sán (wọ́n mọ ara wọn), bí kò ṣe nítorí ohun èlò kan tí ó ti di ará ilé fún gbogbo wa, èyí ni kọ̀ǹpútà àgbélétan, tí tàgbà tèwe ń pè ní láptọ́ọ̀pù.

Ẹ ó ti rí i rí. Ènìyàn á pa ìdérí rẹ̀ dé ní alẹ́, ohun gbogbo á wà létòlétò. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ó ṣí i, ojú rẹ̀ á dúdú kirimú bí ìdí ìkòkò. Á tẹ ibí, á tẹ ọ̀hún, kò ní jí, kò ní mira. Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn ará yàrá yóò pé lé e lórí, tí oníkálùkù yóò máa sọ tirẹ̀. Ọ̀kan á ní, "Ó ti kú." Èkejì á ní, "Mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ ló jó." Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ ní sọ̀rọ̀, kí ẹni tó ni nǹkan tó lanu, òun á ti na ọwọ́, á ti tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ gbọnin-gbọnin. Ẹni kẹta yìí gan-an ni mo ń bá wí.

Kí a tó sọ ti ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí a mọ bí oorun náà ti ń wọlé. Nínú ìdérí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, òòfà kékeré kan wà níbẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì ń pè ní mágínẹ́ẹ̀tì. Ní ìsàlẹ̀, lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì ìtẹ̀wé, ohun kan wà tí ń fura sí òòfà náà. Edwin Hall, ará Amẹ́ríkà, ló ṣàkíyèsí ní ọdún 1879 pé bí iná ẹlẹ́ńtíríìkì bá ń gba inú irin pẹlẹbẹ kọjá, tí a sì gbé òòfà sún mọ́ ọn, díẹ̀ nínú agbára iná náà á yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Orí àkíyèsí yìí ni wọ́n gbé ohun afura náà kà. Bí ìdérí bá ti sún mọ́ ìsàlẹ̀, á ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ pé olówó rẹ̀ ti pa á dé, kí ó máa sùn. Bí ìdérí bá gbéra, á tún ránṣẹ́ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Nítorí òòfà yìí, akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní ilé gbígbé wa tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣe bí ẹni tí wọ́n fi oorun bá jà. Bí ó bá jí, kò ní pé ìṣẹ́jú kan tí yóò tún fi sùn. Wọ́n ti ní kí ó lọ tà á ní owó pọ́ọ́kú. Àṣé ohun tó ń ṣe é kò ju àpò fóònù tuntun kan lọ, irú èyí tó ní òòfà tí ń pa ẹnu rẹ̀ dé. Ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì ìtẹ̀wé ni ó máa ń gbé fóònù náà lé bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ sì ń rò pé ìdérí ló dé. Bákan náà ni bí a bá gbé láptọ́ọ̀pù kan lé òmíràn lórí: òòfà ti ìsàlẹ̀ lè tan ti òkè jẹ. Ẹni tí kò mọ èyí á fi ẹ̀rọ tó gbó ṣáṣá sílẹ̀ fún oníṣòwò àlòkù.

Oorun pẹ̀lú kì í ṣe oríṣìí kan. Èdè wa mọ èyí dáadáa: a ń tòògbé, a ń sùn, a ń sùn wọra, a ń dákú, kí ó tó wá kan ikú. Bí ẹ̀rọ bá sùn lásán, á pa iná ojú rẹ̀, á dá fáànù dúró, ọpọlọ rẹ̀ á sinmi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ń ṣe lọ́wọ́ ṣì wà nínú RAM, èyí tí mo fẹ́ láti pè ní iyè rẹ̀. Ó dà bí ìyá oníṣòwò tó fi aṣọ bo ọjà rẹ̀ ní ìsọ̀, tó sì fi ọdẹ ṣọ́ ọ. Ọdẹ náà gbọ́dọ̀ jẹun, bátìrì sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ọjọ́ tí bátìrì bá tán pátápátá, ọdẹ á lọ, ọjà á sì pòórá. Ní ti oorun àsùnwọra, tí Windows ń pè ní Hibernate, ìyá yìí á kó gbogbo ọjà wọ inú ṣọ́ọ̀bù, á ti ìlẹ̀kùn, á lọ sílé. Ẹ̀rọ á da ohun tó wà nínú iyè rẹ̀ sínú dísìkì, kò sì tún nílò iná kankan títí tí a ó fi jí i.

Ìtòògbé ni àrùn tuntun. Láti ọdún 2015 tí Windows 10 ti jáde, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í fẹ́ sùn dáadáa mọ́. Wọ́n á kàn di ojú fẹ́rẹ́, kí ìròyìn lè máa wọlé fún wọn bí fóònù. Ìdí nìyí tí ẹlòmíràn fi ń fa láptọ́ọ̀pù yọ nínú báàgì tí yóò gbóná bí àkàrà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò nínú epo, tí bátìrì rẹ̀ yóò sì ti gbẹ. Ó tún ku ẹyọ kan. Láti ìgbà Windows 8, ní ọdún 2012, bí a bá tẹ Shut down, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀rọ kì í kú tán. Á kó apá kan nínú iyè rẹ̀ pamọ́ sínú dísìkì kí ó lè tètè jí lọ́jọ́ kejì. Bí àìsàn bá wà nínú ohun tí ó kó pamọ́ náà, tòun tàìsàn ni yóò jọ jí. Restart ni ó ń bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀wá, kì í ṣe Shut down. Ẹ wo bí orúkọ ti ń tan ènìyàn jẹ!

Níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ orúkọ, ẹ jẹ́ kí n ya díẹ̀. Àwọn olùkọ́ wa ti ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí Èdè-Ìperí Yorùbá, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀, fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Èrò tèmi ni pé ní ti kọ̀ǹpútà, kí a tó máa so ọ̀rọ̀ gígùn gbọọrọ pọ̀ bí ìdí ìṣáná, kí a kọ́kọ́ yẹ inú ilé wò. Tòògbé, sùn, sùn wọra, dákú: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà nílẹ̀, kò sì sí ìyá àgbà tí a ó sọ wọ́n fún tí yóò ní kí a tún un sọ.

Ìyá àgbà ni mo sì fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ báyìí, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ìsẹ́yìn.

Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí ẹkún ìyàwó, ewì alohùn àwọn ará Ọ̀yọ́, tí ìyàwó tuntun máa ń sun ní ọjọ́ tí ó bá ń lọ sí ilé ọkọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sun kò pọ̀ mọ́, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì ti dàgbà. Ìyá kan gbà láti sun ún fún mi. Mo gba ohùn rẹ̀ sínú fóònù, mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì, ọkàn mi sì balẹ̀ ní ti ewì náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé orí àlàyé, Ìyá ní kí n pa fóònù.

Ó ní, "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ilé bàbá mi wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó lè yé ọ, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ohùn mi wà níbẹ̀."

Mo ní, "Ó dára, Ìyá. Bí ẹ bá ti wí ni n ó ṣe."

Mo pa fóònù, mo ṣí láptọ́ọ̀pù, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ bí ó ti ń sọ ọ́. N ó ti kọ tó ojú ìwé mẹ́fà. Mo ń tọ́jú rẹ̀ sínú dísìkì láàárín-láàárín, nítorí ètò ìkọ̀wé kékeré tí mo ń lò, tí ó gba àmì ohùn dáadáa, kì í fi nǹkan pamọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí Ìyá wá dé orí oríkì orílẹ̀ ìyá tó bí ìyá rẹ̀, tí ó ń túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí n kò bá pàdé nínú ìwé kankan rí, ta ni yóò dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró? Bí ogún ìṣẹ́jú ni ó fi sọ ọ́ láìmí. Níbẹ̀ ni òjò ti dé, tí ó gba ojú fèrèsé wọlé bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Mo pa ìdérí dé, mo gbé ẹ̀rọ sá kúrò níbẹ̀. Nígbà tí a ti fèrèsé tán tí mo ṣí i, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn biribiri.

Iná kò sí ní àdúgbò láti àárọ̀. Bátìrì ti ń lọ sópin. Ọjọ́ kejì ni ọmọ Ìyá sì fẹ́ wá mú un lọ fún iṣẹ́ abẹ ojú ní ìlú mìíràn.

Ọmọ-ọmọ Ìyá kan tí ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní kí n tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi kú, kí n wá tan án padà. Ìmọ̀ràn náà kò burú fún ẹni tí kò ní nǹkan nínú iyè ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí n bá ṣe é, ogún ìṣẹ́jú ọ̀rọ̀ Ìyá ti lọ nìyẹn, nítorí RAM kì í mọ nǹkan kan mọ́ bí iná bá ti kúrò lára rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe sùúrù fún mi.

Mo kọ́kọ́ wo iná kékeré tó wà létí ẹ̀rọ. Bí tèmi bá sùn, iná yìí máa ń ṣẹ́jú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ yìí, ó dúró gbọin. A jẹ́ pé kò sùn nìyẹn. Mo tẹ Caps Lock, iná rẹ̀ tàn. Mo tún un tẹ̀, iná náà kú. Ẹ̀yin ará mi, ara mi wálẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣe bọ́tìnnì ló ń tan iná yẹn fún ara rẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń gbọ́ pé a tẹ̀ ẹ́, tí ó sì ń dáhùn. Ohun tí ń dáhùn kò kú, kò sì dákú.

Ìyá tó jókòó tì mí ní, "Ó ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò fẹ́ lajú."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ó ń pirọrọ ni."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Mo gba tọ́ọ̀ṣì, mo tàn án sí ojú ẹ̀rọ láti ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé iná ẹ̀yìn ojú náà nìkan ló kú, ènìyàn á máa rí ọ̀rọ̀ fírífírí lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì bí òjìji. N kò rí ohun kan. Mo tẹ bọ́tìnnì mẹ́rin papọ̀: Windows, Ctrl, Shift àti B. Àṣẹ ni èyí fún Windows pé kí ó tún apá tí ń gbé àwòrán jáde jí dìde, kì í sì í pa iṣẹ́ kankan lára. Ó dún "pìì" lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ojú kò là.

Ohun tó kù ni kí n ṣe iṣẹ́ afọ́jú. Ẹ rántí pé bí ẹ̀rọ bá jí lójú oorun, ẹnu ọ̀nà ni ó máa ń dúró sí, tí yóò máa retí pásíwọ́ọ̀dù. Mo tẹ Enter, mo dúró. Mo tẹ pásíwọ́ọ̀dù mi lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, bí ẹni ń ka owó fún onígbèsè (mo dúpẹ́ pé kò sí ẹ, tàbí ọ, tàbí ṣ nínú rẹ̀, nítorí n kò mọ̀ bóyá bọ́tìnnì Yorùbá ló wà lójú iṣẹ́ ní àkókò náà). Mo tún tẹ Enter. Mo ka ení, èjì, títí dé ogún. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ Ctrl àti S. Mo dúró, mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni tí ń kan ìlẹ̀kùn ilé tí kò mọ̀ bóyá ènìyàn wà níbẹ̀. Nígbà tí ìṣẹ́jú márùn-ún ti kọjá ni mo tó tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ tó bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀rọ kú. Mo tan án, fáànù fẹ́, Caps Lock dáhùn, ojú kò là.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fi pẹ́ńsù kọ gbogbo ohun tí mo lè rántí sínú ìwé. Kò kún ojú ewé kan.

Nígbà tí mo padà sí ọgbà ilé-ìwé, mo gbé ẹ̀rọ lọ sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó wò ó, ó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì, ó ní mọ́dábọ́ọ̀dù ti lọ, ₦85,000 ni. Kò béèrè bóyá Caps Lock ń dáhùn. Kò gbé tọ́ọ̀ṣì. Ó tún ní òun yóò bá mi fọ inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, èyí tó túmọ̀ sí pé ohun gbogbo tí ń bẹ nínú dísìkì yóò di àwátì. Àwọn àgbà ní àìsàn ló ṣeé wò, a kì í rí tọlọ́jọ́ ṣe. Mo sì ti rí i pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé tọlọ́jọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè é, kí wọ́n má baà wo àìsàn. Mo gba ẹ̀rọ mi lọ́wọ́ rẹ̀.

Yàrá ìgbafẹ́ ilé gbígbé wa ní tẹlifíṣọ̀n ńlá kan. Mo yá wáyà HDMI, mo fi so ẹ̀rọ mọ́ tẹlifíṣọ̀n náà. Àwọn tí ń wo bọ́ọ̀lù pariwo mọ́ mi bí ìgbà tí mo bá jí wọn lówó. Kí ẹnu wọn tó pa dé, àwòrán yọ gbàgà. Mọ́dábọ́ọ̀dù tí ó "ti lọ" náà ló ń gbé e jáde! Mo ṣí fáìlì náà. Ọ̀rọ̀ Ìyá wà níbẹ̀, tòun tàmì ohùn, títí dé ibi tí òjò ti já gbólóhùn kan sí méjì. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú fíláàṣì, mo sì dá bọ́ọ̀lù padà fún àwọn tó ni ín.

Bí àwòrán kò bá yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀nà mìíràn ni ǹ bá tọ̀. Ènìyàn á yọ ṣájà, á yọ bátìrì bí ó bá ṣeé yọ, á sì tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, kí iná tó sá pamọ́ sínú ẹ̀rọ lè tán. Ẹ má fojú kéré èyí. Ó ti jí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ dè. Bí ó bá kọ̀, a lè ní kí ẹni tó mọ iṣẹ́ yọ RAM, kí ó nu ẹnu rẹ̀, kí ó tún un kì bọ̀ ọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì já sí asán, dísìkì ṣì ṣeé yọ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, kí a so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí a sì kó ẹrù wa. Kìkì pé bí BitLocker bá ti ti dísìkì náà pa, kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48 kan ni yóò béèrè, nítorí náà kí oníkálùkù lọ wádìí ibi tí tirẹ̀ wà lónìí, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó má sì fi ìwé náà sínú báàgì láptọ́ọ̀pù.

Ẹni kejì tí mo gbé ẹ̀rọ náà lọ bá jẹ́ ọmọdékùnrin kan tí ojú rẹ̀ kò tíì pọ́n jù. Kò sọ iye kankan. Ó ṣí ìdérí díẹ̀díẹ̀, ó ń dá a padà díẹ̀díẹ̀, ó tẹ etí rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń ti ìlù. Ní ibì kan tí kò tó ìlàjì, ojú ẹ̀rọ tàn yànràn, ó tún kú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, wáyà inú oríkèé ni." Wáyà tí ń gbé àwòrán lọ sójú gba inú oríkèé ìdérí kọjá, gbogbo ìgbà tí a bá sì ṣí i tàbí tí a pa á dé ni wáyà náà ń tẹ̀, tí ó ń nà. Láti ọdún 1982 tí GRiD Compass ti jáde, èyí tí Bill Moggridge, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìrísí rẹ̀ kí ó lè máa pa dé bí ìwé, oríkèé yìí ni gbogbo láptọ́ọ̀pù ń gbé kiri. Ẹ̀rọ náà lé ní 8,000 dọ́là nígbà náà. Oríkèé tirẹ̀ kò ní ṣàì mọ̀ pé àgbà ń dé.

Ó pààrọ̀ wáyà náà ní ₦9,000. Ó fi èyí tó yọ hàn mí. Ibi tó ti já kò fẹ̀ ju irun mẹ́ta lọ.

Ìyá ti ti ibi iṣẹ́ abẹ ojú dé ní oṣù kejì lẹ́yìn náà. Mo ka gbólóhùn tí òjò já fún un, ó ronú díẹ̀, ó sì bá mi parí rẹ̀. Ó wà ní orí kẹrin iṣẹ́ mi.